Kí Ni Ajá Mọ̀, Kí Ni Kò Mọ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ wa lójú ìwé lẹ́yìn tí ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní, "Àwọn oníwèé yìí ti sọ̀rọ̀ àgbàdo tán, wọ́n ti sọ̀rọ̀ kànga tán, ó wá ku ajá!" Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ rò ó wò. Ilé mélòó ni ó wà ní abúlé yín tí kò sí ajá? Ajá ń ṣọ́ ilé, ajá ń bá ọdẹ lọ sí igbó, ajá ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko àgbàdo. Ṣùgbọ́n ajá yìí kan náà ni ó máa ń bu ọmọ jẹ. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ilé méjì ni ìjà ń wọ̀: ilé ọlọ́mọ àti ilé alájá. Bí ajá náà bá sì ní àìsàn dìgbòlugi, ikú ni ó lè gbẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá béèrè ìdí tí ajá fi bu ọmọ jẹ, ẹ óò gbọ́ oríṣiríṣi. Ọ̀kan á ní, "Ìkà ni ajá yẹn." Òmíràn á ní, "Ó ti di ọmọ náà sínú láti ọjọ́ tí ó ti sọ ọ́ lókùúta." Ẹnì kẹta á ní, "Òjijì ni, ajá náà kò fi hàn rárá." Ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta yìí ni ó ń ṣe wá léṣe jù. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ajá ti sọ ọ́. Àwa ni a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Nítorí náà, a óò wo ohun tí ajá mọ̀, ohun tí kò mọ̀, àti bí ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí, a óò wo bí a ó ti dáàbò bo àwọn ọmọ wa.

1. Imú ni ajá fi ń kàwé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ajá àti ènìyàn ti ń gbé pọ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n hú egungun ajá kan tí wọ́n sin pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ó ti lé ní 14,000 ọdún tí wọ́n ti sin wọ́n. Ní àkókò yẹn, kò ì tíì sí ẹni tí ń sin àgùntàn tàbí màlúù. Ajá ni ẹranko àkọ́kọ́ tí ó bá ènìyàn gbélé.

Bí a tilẹ̀ jọ ń gbé, ayé tí ajá ń rí kọ́ ni ayé tí àwa ń rí. Ojú ni ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, imú ni ajá gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ohun kéékèèké tí ń gbọ́ òórùn nínú imú ènìyàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6. Ti ajá lé ní mílíọ̀nù 200. Nígbà tí ajá bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ó ń gbóòórùn ìdí igi kan ṣáá, tí ẹ̀ ń fà á tí kò fẹ́ lọ, kì í ṣe agídí. Ìwé ni ó ń kà. Ó ń kà á pé ajá wo ni ó kọjá níbẹ̀, bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ó ti pẹ́ tàbí kò pẹ́.

Etí rẹ̀ náà ju tiwa lọ. Ó ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ rárá. Ìdí nìyí tí ajá fi ń dìde lójijì lóru, tí ó ń gbó, tí àwa kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ó ń ríran ju wa lọ nínú òkùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí gbogbo àwọ̀ bí àwa ti ń rí i. Ó mọ àwọ̀ ojú ọ̀run yàtọ̀ sí àwọ̀ òdòdó ìyeyè, ṣùgbọ́n pupa àti àwọ̀ ewé jọra lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ju ata pupa sórí koríko tútù, imú ni yóò fi wá a, kì í ṣe ojú.

2. Bí ajá ti ń so nǹkan méjì pọ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ivan Pavlov. Ó ń wádìí bí oúnjẹ ti ń dà nínú ikùn, ajá ni ó sì fi ń ṣe ìwádìí náà. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904. Nígbà tí ó ń ṣe é lọ, ó rí ohun kan tí kò wá. Ó mọ̀ pé bí ẹran bá dé ẹnu ajá, itọ́ yóò máa dà. Ṣùgbọ́n ó rí i pé itọ́ ajá ti ń dà kí ẹran tó dé, bí ajá bá ṣáà ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ń gbé oúnjẹ bọ̀.

Pavlov bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò. Ó ń mú ohun kan dún, lẹ́yìn náà ó ń fún ajá lóúnjẹ. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, ó mú un dún láìgbé oúnjẹ wá. Itọ́ ajá dà. Ajá ti so ìró náà pọ̀ mọ́ oúnjẹ.

Ẹ̀yin náà ti rí i nílé yín. Ìyá ilé kò tíì ṣí ìkòkò, ó kàn fi orógùn kan etí ìkòkò ni, ajá ti dé. Bàálé ṣì wà ní orí ọ̀nà, ajá ti gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀, ó ti sáré jáde. Ọdẹ mú ìbọn kúrò lára ògiri, ajá ti ń fò sókè.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí á mú dání. Nǹkan méjì tí ajá ń so pọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Bí ìró bá dún ní òwúrọ̀ tí oúnjẹ sì dé ní ọ̀sán, ajá kò ní so wọ́n pọ̀. A óò tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

3. Ǹjẹ́ ajá ń gbọ́ èdè?

Ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gbọ́ púpọ̀. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì sọ nípa ajá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rico. Ó mọ orúkọ ohun tí ó lé ní 200. Bí wọ́n bá pe orúkọ kan, yóò lọ mú ohun náà wá. Bí wọ́n bá wá pe orúkọ tí kò gbọ́ rí, tí ohun tuntun kan sì wà láàárín àwọn tí ó ti mọ̀, ohun tuntun yẹn ni yóò máa ń mú wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń rò ó pé, "Gbogbo ìyókù ni mo mọ orúkọ wọn. Èyí ni yóò jẹ́."

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, John Pilley, kọ́ ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Chaser. Ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ lójoojúmọ́. Chaser mọ orúkọ ohun 1,022. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ẹ gbọ́: díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ajá pàápàá fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn ajá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ajá ni ó ń tẹ́tí sí ohùn. Àwa Yorùbá mọ iṣẹ́ ohùn. A mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ yín láti fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ohùn tí ajá ń gbọ́ jẹ́ irú mìíràn: ó ń gbọ́ ohùn ìbínú, ohùn ìyìn, ohùn ẹ̀rù. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Họ́ńgárì kọ́ àwọn ajá 13 láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ń wo inú ọpọlọ. Wọ́n rí i pé bí ọ̀rọ̀ ìyìn bá bá ohùn ìyìn dé, ibi tí ń gbọ́ adùn nínú ọpọlọ ajá máa ń jí. Bí ọ̀rọ̀ ìyìn bá dé láìsí ohùn ìyìn, tàbí tí ohùn ìyìn bá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lásán, kò jí tó bẹ́ẹ̀. Ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fi ohùn ìbínú pe ajá pé, "Wá níbí!", ẹnu yín ń sọ pé kí ó wá, ohùn yín ń sọ pé kí ó sá. Èwo ni kí ó gbọ́?

4. Ajá ń wo ìka wa, ó sì ń wo ojú wa

Ẹ fi abọ́ méjì bo ilẹ̀. Ẹ fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan kí ajá má rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ na ìka sí abọ́ tí ẹran wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ni yóò lọ síbi tí ẹ nà sí. Ohun kékeré ni lójú wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, Brian Hare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ìnàkí, tí ó sún mọ́ ènìyàn jù nínú àwọn ẹranko, kò mọ̀ ọ́n ṣe tó ajá. Ìkookò ilẹ̀ òtútù, tí í ṣe ìbátan ajá, kò mọ̀ ọ́n ṣe tó ajá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó dàgbà sí. Ọmọ ajá kékeré sì mọ̀ ọ́n. Gbígbé tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé láti ìrandíran ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ń ka ìṣe wa.

Ẹranko tí ń ka ìṣe wa lè mú kí á rò pé ó mọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹṣin kan fún yín. Ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1904, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wilhelm von Osten ní ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Hans. Wọ́n ní ẹṣin yìí mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í pé méjì àti mẹ́ta jẹ́ mélòó, yóò fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò sì dúró. Àwọn ènìyàn ń rọ́ wá wò ó. Olówó rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́tàn, òun pàápàá gbà á gbọ́.

Ní ọdún 1907, Oskar Pfungst jẹ́ kí ayé mọ àṣírí rẹ̀. Ó ti jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn bi ẹṣin náà ní ìbéèrè. Ẹṣin kò mọ̀ ọ́n. Ó ti bo ojú ẹṣin kí ó má rí ẹni tí ń béèrè. Ẹṣin kò mọ̀ ọ́n. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá ti ń sún mọ́ iye tí ó tọ́, ara ẹni tí ń béèrè á le díẹ̀. Bí ó bá pé iye náà, onítọ̀hún á gbé orí sókè fẹ́ẹ́rẹ́ láìmọ̀. Ẹṣin rí i, ó dúró. Hans kò mọ ìṣirò, ara ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n kà.

Ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á má fi èrò tiwa sínú ẹranko kí á tó dán an wò. Èyí ni ó mú wa dé ọ̀rọ̀ tí ó kan ilé gbogbo.

5. Ǹjẹ́ ajá mọ̀ pé òun jẹ̀bi?

Ìyá ilé ti ọjà dé, ó bá ẹja rẹ̀ tí ajá ti fà kúrò nínú agbọ̀n. Ó pariwo, "Ta ni ó ṣe èyí?" Ajá dorí kodò, ó ká etí sẹ́yìn, ó ti ìrù bọ àárín itan, ó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ní, "Ẹ ò rí i! Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi!" Ó fa igi yọ.

Ní ọdún 2009, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Alexandra Horowitz, dán ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú ajá 14. Olówó ajá á kìlọ̀ fún ajá pé kí ó má jẹ oúnjẹ kan, á sì jáde. Nígbà mìíràn ajá á jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn kò ní jẹ ẹ́. Bí olówó bá padà, wọ́n lè sọ òtítọ́ fún un, wọ́n sì lè pa irọ́ fún un pé ajá jẹ ẹ́ nígbà tí kò jẹ ẹ́. Kí ni wọ́n rí? Ojú ẹlẹ́bi yẹn kò tẹ̀ lé ẹ̀bi. Ìbáwí ni ó tẹ̀ lé. Ajá tí wọ́n bá wí ni ó ń ṣe ojú ẹlẹ́bi, ìbáà jẹ oúnjẹ, ìbáà má jẹ ẹ́. Kódà, àwọn tí kò jẹ nǹkan tí wọ́n sì bá wọn wí ni ó ṣe é jù.

Ojú yẹn ń sọ pé, "Mo rí i pé inú ń bí ọ. Jọ̀wọ́, má lù mí." Kò sọ pé, "Mo ti jí ẹja."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Pavlov. Ajá ń so ohun tí ó tẹ̀ lé ara wọn kíákíá pọ̀. Ó jẹ ẹja ní òwúrọ̀, ẹ lù ú ní ọ̀sán. Kò so igi pọ̀ mọ́ ẹja. Ó so igi pọ̀ mọ́ wíwọlé yín. Bí ẹ bá pè é, tí ó wá, tí ẹ sì lù ú, ẹ ti kọ́ ọ pé kí ó má wá mọ́ bí ẹ bá pè é. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ajá gbọ́ fèrè dáadáa. Ohun tí ń bẹ ní ìdí fèrè ni ó ń bẹ̀rù.

Ó lè jẹ́ pé àgbà ọdẹ kan ń kà á, tí ó ń sọ pé, "Ọmọ mi, àwa ti mọ èyí tipẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í dúró dé ilé kí ó tó fún ajá ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran. Nínú igbó níbẹ̀ ni ó ti ń fún un. Ẹ̀kọ́ tí ọdẹ mọ̀ yìí ni àwọn onílé yòókù kò mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ajá kọ́ ohun kan, ẹ fún un ní èrè lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó fa ẹja, ẹ gbé ẹja sókè.

6. Bí ajá ti ń sọ̀rọ̀ kí ó tó bu ènìyàn jẹ

Gbogbo ara ni ajá fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ajá tí ń mi ìrù ń yọ̀ ni. Kì í ṣe nígbà gbogbo. Ìrù tí ó rọ̀, tí ó ń mì pẹ̀lú ìbàdí àti gbogbo ara, ayọ̀ ni. Ìrù tí ó nàró gan-an, tí ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí igi líle, ìkìlọ̀ ni. Ìrù tí ó wà láàárín itan, ẹ̀rù ni.

Etí àti ojú. Etí tí ó lẹ̀ mọ́ orí, ẹ̀rù ni. Ajá tí ó tẹjú mọ́ ènìyàn láìṣẹ́jú, tí ara rẹ̀ dúró gbagidi, ń kìlọ̀. Ajá tí ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi òun sílẹ̀.

Ẹnu. Ajá tí kì í ṣe pé oorun ń kùn ún tí ó ń yán, tí kò jẹun tí ó ń lá imú rẹ̀ léraléra, ara ni kò rọ̀ ọ́. Ajá tí ó bá ká ètè sókè tí eyín hàn, ó ti ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Irun. Bí irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bá dìde, ẹ sún sẹ́yìn.

Ohùn. Àwọn kan ní ajá tí ń gbó kì í bu ènìyàn jẹ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ sì má lu ajá nítorí pé ó kùn. Kíkùn ni ọ̀nà tí ó fi ń sọ pé, "Ó tó báyìí." Bí ẹ bá fi igi kọ́ ọ pé kí ó má kùn mọ́, ẹ kò mú ìbínú kúrò nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan ni ẹ mú kúrò. Ní ọjọ́ mìíràn yóò bu ènìyàn jẹ láìkùn, ẹ óò sì ní òjijì ni.

Ajá tí ẹ̀rù ń bà léwu bí ajá tí inú ń bí. Ajá tí wọ́n há mọ́ kọ̀rọ̀, tí kò rí ibi sá sí, ẹnu ni yóò fi la ọ̀nà.

7. Ohun tí a ó kọ́ àwọn ọmọ

Ọmọ kò mọ èdè ajá. Gíga rẹ̀ sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ajá. Nítorí náà, ẹ kọ́ wọn ní nǹkan wọ̀nyí:

Má fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun.
Má jí ajá tí ó sùn.
Má sún mọ́ abo ajá tí ó ní ọmọ.
Má fa ìrù tàbí etí ajá. Má gun ajá bí ẹṣin.
Má fọwọ́ kan ajá àjèjì, àfi bí olówó rẹ̀ bá gbà.
Bí ajá bá ń bọ̀ wá bá ọ, má sá. Ajá ń lé ohun tí ń sá. Dúró bí igi, gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wo ilẹ̀, má pariwo.
Bí ajá bá gbé ọ ṣubú, ká ara rẹ jọ bí òkúta, fi ọwọ́ bo ọrùn àti etí, má ta pútú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ kékeré àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan, bí ajá náà tilẹ̀ jẹ́ ajá ilé tí ẹ mọ̀.

8. Ajá dìgbòlugi

Àìsàn kan wà tí ń yí ìwà ajá padà. Kòkòrò àrùn náà ń wọ inú ọpọlọ, ó sì ń wà nínú itọ́. Ajá pẹ̀lẹ́ lè di oníjàgídíjàgan, ajá tí ń bẹ̀rù ènìyàn sì lè máa sún mọ́ gbogbo ènìyàn. Ó lè máa bu igi àti òkúta jẹ. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè gbé nǹkan mì, ohùn gbígbó rẹ̀ á yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́. Nígbà mìíràn kì í bínú rárá, ó kàn ń lọ fara pamọ́ sínú òkùnkùn ni. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tí kò lè gbé nǹkan mì. Ó lè má jẹ́ pé egungun ni ó há a lọ́fun.

Bí àìsàn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni ó ń pa lọ́dọọdún, púpọ̀ jù wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn 10 tí ó ń pa, bí 4 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ajá ni ó ń kó o ran púpọ̀ jù nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà kí ó tó hàn. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1885, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ. Ọmọ náà kò kú. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gba ẹ̀mí là, bí ó bá tètè dé.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí ó lá ojú egbò rẹ̀, ẹ ṣe báyìí:

Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, epo, eérú tàbí oje ewé sí i.
Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí egbò náà tilẹ̀ kéré. Ẹ má dúró kí àìsàn hàn. Ó lè pẹ́ tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó hàn, ó sì lè tètè hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá gba abẹ́rẹ́ kejì àti ẹ̀kẹta, ẹ padà lọ. Abẹ́rẹ́ kan kò tó.
Ẹ má sáré pa ajá náà kí ẹ jù ú nù. Bí ẹ bá lè so ó tàbí há a mọ́ láìséwu, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, kí ẹ sì sọ fún dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ̀ ń ṣọ́ ajá dá ìtọ́jú dúró.

Èyí tí ó dára jù ni pé kí ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ọ̀ràn tó dé. Bí ajá 70 nínú 100 ní àdúgbò kan bá gbà á, àìsàn náà kì í rí ọ̀nà tàn kálẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ alájá kan, ọ̀rọ̀ gbogbo abúlé ni. Ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní gbogbo ayé fún ọ̀rọ̀ àìsàn yìí lọ́dọọdún, nítorí ọjọ́ yẹn ni Pasteur kú ní ọdún 1895. Ẹ bi dókítà ẹran tí ó sún mọ́ yín ìgbà tí wọ́n ń fún ajá ní abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, ajá kò mọ òfin wa, kò sì mọ ẹjọ́ àná. Ohun tí ó mọ̀ ni òórùn wa, ohùn wa, ìka wa, ojú wa, àti ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń ka ìṣe wa. Àwa tí a ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ti ń ka ìṣe tirẹ̀ náà. Yóò dín igi kù lẹ́yìn ajá, yóò sì dín eyín kù lára ọmọ.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́

1. Kí ni ìtumọ̀ "ojú ẹlẹ́bi" lójú ajá? Kí ni a rò tẹ́lẹ̀?
2. Ẹ ṣe àpèjúwe ìrù ayọ̀, ìrù ìkìlọ̀ àti ìrù ẹ̀rù.
3. Kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe bí ajá bá bu ọmọ jẹ? Ìṣẹ́jú mélòó?
4. Ajá mélòó ni ó wà ní àdúgbò yín? Mélòó nínú wọn ni ó ti gba abẹ́rẹ́? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi han olórí abúlé.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì fi àmì sí wọn: ajá, imú, itọ́, ìrù, eyín, ọṣẹ, abẹ́rẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ wa.